Àbẹ̀kẹ́, Má Tìtorí Ìwé Ara Máíkirowéfù Fi Irú Sílẹ̀

Alágbàká,
Àkúrẹ́.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Ṣé òtútù Manchester ti dẹwọ́ díẹ̀? Òjò ti ń rọ̀ níbí, ẹrẹ̀ ti gba ojú ọ̀nà, ṣùgbọ́n a dúpẹ́, ara le.

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo tún un kà. Ìwé tí o ní wọ́n lẹ̀ mọ́ ara máíkirowéfù ní ọjọ́ kejì tí o gbé ẹ̀fọ́ rírò ẹlẹ́ja gbígbẹ lọ síbi iṣẹ́, pé kí ẹnikẹ́ni má gbé oúnjẹ tó ń rùn wá mọ́, ó dùn mí. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi orúkọ sí i, kò sì wá bá ọ sọ̀rọ̀ lójúkojú. Ìyẹn ló bí mi nínú ju òfin náà fúnra rẹ̀ lọ. Níbí, ẹni tí òórùn ọbẹ̀ rẹ bá ń yọ lẹ́nu á sọ ọ́ síta, á fi ẹ̀fẹ̀ sí i, ẹ ó jọ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ó sì lè má tán, kó di asọ̀. Ṣùgbọ́n o kò ní máa wo ojú gbogbo èèyàn kiri kí o lè mọ ẹni tó mú gọ́ọ̀mù.

O ní kí n sọ tinú mi: ṣé kí o kúkú gba kámú, kí o máa jẹ búrẹ́dì lásán, àbí kí o máa gbé ẹja rẹ lọ, kí ẹni tí inú bá ń bí máa bínú? N kò fara mọ́ ìkíní, n kò sì fara mọ́ ìkejì. Jẹ́ kí n sọ ti ọ́fíìsì wa fún ọ ná, kí o má baà rò pé òyìnbó nìkan ló ń yínmú sí irú. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ló ń ṣe é níbí, ní Àkúrẹ́ oníyán.

Bàbá kan wà nínú yàrá wa, ará Okitipupa ni wọ́n. Àwa mẹ́fà la jọ ń lo yàrá náà. Bàbá kì í ra oúnjẹ níta, ilé ni wọ́n ti ń gbé e wá. Bí kò bá jẹ́ fùfú, púpurú ni, ọbẹ̀ marúgbó, ìyẹn ọbẹ̀ ewé tó dúdú, á sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú irú àti ẹja gbígbẹ. O ti pẹ́ lẹ́yìn odi, bóyá o ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe púpurú. Wọn a rẹ ẹ̀gẹ́ sómi fún bí ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà títí á fi rọ̀, tí á sì kan. Wọn a fún omi rẹ̀ dànù, wọn a yọ okùn inú rẹ̀, wọn a mọ ọ́n ní róbótó, wọn a wá gbé e sókè iná kí èéfín máa yan án. Bó bá gbẹ, wọn a ha ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti dúdú kúrò, wọn a gún inú rẹ̀, wọn a kù ú. Rírẹ tí wọ́n ń rẹ ẹ́ yẹn ló ń dín májèlé inú ẹ̀gẹ́ kù, òun náà ló sì ń fún un lóòórùn. Fùfú ní òórùn kíkan, àmọ́ púpurú ní ti kíkan, ó tún ní ti èéfín.

Bí aago kan bá ti lù, Bàbá á fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ tábìlì wọn síta, wọ́n á tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sórí rẹ̀, wọ́n á gbé fúláàsì kalẹ̀. Ìdérí fúláàsì á súfèé díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yí i, nítorí ooru tó há sínú rẹ̀. Kó tó ṣí tán, ẹni tó jókòó sí kọ̀rọ̀ ìkẹyìn ti mọ ohun tí wọ́n sè nílé Bàbá. Wọ́n á da omi inú ike sínú abọ́ kékeré, wọ́n á fọwọ́. Wọ́n á wá gbójú sókè, wọ́n á wò wá yíká.

“Ẹ wá jẹun o.”

“Á gba ibi ire, sà.”

Gbogbo wa la ó jọ dá wọn lóhùn, títí kan ẹni tó ti fi hankaṣíìfù bo imú.

Àbẹ̀kẹ́, ìpè yẹn ṣe pàtàkì ju bí a ṣe ń rò ó lọ. Nílé tí wọ́n ti tọ́ wa, ta ló jẹ́ jẹun níwájú èèyàn láìpè é? Ẹni tí wọ́n bá pè ti di alájọjẹ, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan òkèlè. Ó ṣòro kó tún wá máa yínmú sí ohun tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Níbi iṣẹ́ tìrẹ, bí o ṣe ròyìn rẹ̀, kálukú ló ń jẹ tirẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, ẹnìkan kì í pe ẹnìkejì. Òórùn ẹja rẹ ti pe gbogbo wọn, ìwọ alára kò sì pè wọ́n. Mi ò bá ọ wí o, àṣà ibẹ̀ ni.

Àmọ́ ìpè kì í lé òórùn jáde nínú yàrá. Nígbà tí fèrèsé wa ṣì ń ṣí, ta ló ń sọ̀rọ̀ fùfú? Afẹ́fẹ́ á gbé e lọ, ó tán. Ẹ̀rọ amúlétutù tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé atẹ́gùn ìta ni ẹ̀rọ náà ń fà wọlé. Irọ́ ni. Afẹ́fẹ́ inú yàrá náà ló ń fà, ló ń mú tutù, ló tún ń dá padà fún wa. Marúgbó aago kan á ṣì wà níbẹ̀ ní aago mẹ́ta, á kàn ti tutù nini ni. Bí iná bá wá lọ, tí a ṣí fèrèsé, gbogbo wa á mí kanlẹ̀. Ibòmíràn wo lo tún ti gbọ́ pé òṣìṣẹ́ ń yọ̀ pé iná lọ?

Ẹni tó ń jẹ ẹ́ kò sì mọ̀. Bí imú bá ti wà nídìí òórùn kan fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kì í kà á sí mọ́. Bí Bàbá bá bi wá pé “òórùn wo?”, òótọ́ inú wọn ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó ń ti ìta bọ̀ ló ń gbọ́ ọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wá di ti ìpàdé rèé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wa lóyún, oyún náà ṣì kéré, inú rẹ̀ kò sì gba nǹkan kan. Bí fúláàsì bá ti súfèé, òun ti dìde nìyẹn, ó di ẹ̀yìnkùlé. Kì í ṣe marúgbó nìkan, ẹyin díndín gan-an ń lé e síta. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún bàbá tó tó bí i lọ́mọ pé oúnjẹ wọn ń rùn? Ọmọ náà kò jẹ́ sọ ọ́. Ó ń kúnlẹ̀ kí wọn láràárọ̀, ó ń sá jáde lọ́sàn-án, ó sì ní ibà ló ń ṣe òun.

Ọmọkùnrin kan tó jókòó nítòsí ilẹ̀kùn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, kì í sì í ṣe nítorí aláboyún. Ó ní irú ń kó òun nírìíra, pé oúnjẹ oko kò yẹ ọ́fíìsì. Àbẹ̀kẹ́, lọ́fíńdà tí ọmọ yẹn máa ń fín sára, bó bá kọjá lára rẹ, ẹ̀fọ́rí dé nìyẹn. Bó bá sì ra súyà lójọ́ Jímọ̀, àlùbọ́sà rẹ̀ á wà lára kọ́tìnì títí di ọjọ́ Ajé. Kò sẹ́ni tó ní kí ọ̀gá kọ mémò lórí lọ́fíńdà. Ọ̀gá ti fẹ́ kọ ọ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé “oúnjẹ ìbílẹ̀” wọlé mọ́. Oúnjẹ ìbílẹ̀! Ní Àkúrẹ́! Kí la wá fẹ́ máa jẹ?

Alhaja tó ń ṣe ìṣirò owó ló gbà wá. Ẹgbẹ́ ni wọ́n pẹ̀lú Bàbá, àwọn nìkan ló sì lè sọ ọ́ láìdàbí àfojúdi. Wọ́n lọ bá wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀fẹ̀: “Bàbá Okitipupa, ṣé ẹ mọ̀ pé marúgbó yín ti ń bá wa buwọ́ lu fáìlì?” Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni o. Ìwé kan wà tí àmì ìka ọwọ́ kan tó kún fún epo wà lẹ́bàá ibi tí wọ́n fọwọ́ sí, tó bá sì délẹ̀, tábìlì tí wọ́n bá gbé e sí á máa rùn bí ìsàsùn. Ibẹ̀ ni Alhaja ti wá rọra sọ ti aláboyún. Àṣé Bàbá kò mọ̀ rárá. Wọ́n dìde, wọ́n pe ọmọ náà, wọ́n súre fún un, wọ́n sì ní kí ó dárí ji àwọn. Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ.

Mémò ọ̀gá kò jáde mọ́. A gbé tábìlì kan sí báráńdà ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi. Gbogbo ohun tí a bá máa fọwọ́ jẹ di ti ibẹ̀, súyà náà sì di ti ibẹ̀. Alhaja ra ọṣẹ síbẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, tí báráńdà tutù, inú yàrá la ó ti jẹ, a ó pa ẹ̀rọ amúlétutù, a ó ṣí fèrèsé. Ohun tí n kò retí ni pé èèyàn pọ̀ ní báráńdà báyìí. Ọmọkùnrin onílọ́fíńdà yẹn náà ti ń jẹ marúgbó Bàbá. Ó ní òun kàn fẹ́ tọ́ ọ wò ni.

Nítorí náà, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi oúnjẹ rẹ dójú tì ọ́. Kì í ṣe tiwa nìkan ló ń rùn. Ní Singapore, wọ́n fẹ́ràn èso kan tí wọ́n ń pè ní durian gidi gan-an, síbẹ̀ wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin. Àwọn ará Sweden ní ẹja kíkan inú agolo tí wọ́n ń pè ní surströmming. Ìta gbangba ni wọ́n ti máa ń ṣí i, kì í ṣe inú ilé. Àwọn òyìnbó tó yí ọ ká náà ní wàràkàṣì Stilton, èyí tí ebu aláwọ̀ búlúù máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ni oúnjẹ ló ń mọ ibi tó yẹ kó ti jẹ ẹ́. Ojúbọ̀rọ̀ kọ́ la ó fi gba ẹja lẹ́nu ará Sweden.

Tìrẹ wàyí. Máíkirowéfù yẹn ni kí o kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Gbígbóná tí ẹja ń gbóná lójijì níbẹ̀ ló ń tú òórùn rẹ̀ ká, gbogbo òórùn náà á sì lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀rọ, ẹni tó bá gbé tíì rẹ̀ sí i lẹ́yìn rẹ á mu tíì ẹlẹ́ja. Ra fúláàsì ẹlẹ́nu gbàgàdà, gbé ọbẹ̀ rẹ gbígbóná sí i láàárọ̀. Bó bá di dandan kí o lò ó, dé abọ́ náà, lẹ́yìn náà kí o gé ọsàn kíkan sínú ife omi, kí o fi ẹ̀rọ náà sè é títí á fi hó, kí o wá nu inú rẹ̀. Kíkan ọsàn máa ń ká òórùn ẹja lọ́wọ́ kò. Irú náà, bí o bá fọ̀ ọ́ dáadáa, tí o dín in nínú epo gbígbóná kí ata tó wọ̀ ọ́, òórùn rẹ̀ máa ń rọ̀ ju ti èyí tí a jù sórí ọbẹ̀ nígbà tó jinná tán.

Kóòtù rẹ ńkọ́? O ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná lo ń fi kọ́. Gbé e kúrò níbẹ̀, mo bẹ̀ ọ́. Ẹja tí o dín lálẹ́ wà lára rẹ̀, imú rẹ ti mọ̀ ọ́n mọ́ra ni o kò ṣe gbọ́ ọ. O lè má gbé ọbẹ̀ kankan dání, kí wọ́n ṣì máa bèèrè ẹni tó jẹ ẹja.

Kí o sì máa pè wọ́n. Bẹ̀rẹ̀ láti orí dòdò, kò sí ẹni tí dòdò ń lé sá. Dín in lọ́jọ́ kan, gbé e sáàárín, kí o ní kí wọ́n wá jẹun. Bí wọ́n bá ti bá ọ jẹ dòdò, ó dá mi lójú pé ẹni tó kọ ìwé yẹn náà á mú nínú rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí o dá a mọ̀ nípa bí kò ṣe ní lè wò ọ́ lójú. Ẹ̀fọ́ rírò ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí wọ́n bá ṣì kọ̀ ọ́, wá ibi tí fèrèsé ti ń ṣí, jẹ oúnjẹ rẹ, kí o yó.

Màmá mi ní kí n kí ọ. Wọ́n ní iṣu tuntun ń bọ̀, pé ìwọ ni iyán máa ń yẹ lẹ́nu jù nínú gbogbo ọ̀rẹ́ mi. Ìrègún ni o, nítorí wọ́n rántí bí o ṣe máa ń bọ̀ nígbà tí odó bá ti dún.

Irú wooro tí o bèèrè, mo ti rà á ní Ọjà Ọba, mo sì ti ń sá a. Ìyá tó tà á fún mi ní kí n má dì í sínú ọ̀rá títí á fi gbẹ tán, kó má baà bu. Bi ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ tó ń bọ̀ ní òpin oṣù bóyá àyè ṣì wà nínú àpótí rẹ̀. Mo ti wá ike mẹ́ta tí ìdérí wọn há dáadáa sílẹ̀, ọ̀kan á wà nínú ìkejì. Àmọ́ sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún un o, kó má lọ kì í sáàárín ṣẹ́ẹ̀tì tó fẹ́ wọ̀ lọ sí ìpàdé.

Èmi ni tìrẹ,
Àjọkẹ́