Ẹ Bá Wa Yan Ọ̀dàn Tí A Ó Dá Sí

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, Òmù-Àrán.

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, Alága wa.

Àwa ẹlẹ́wé-ọmọ àti lẹ́kúlẹ́jà agbègbè yìí ni a kọ̀wé sí yín. Katakata ń wọ ọ̀dàn, ilẹ̀ koríko wa, lọ́tùn-ún lósì láti tú u fún oko. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí oúnjẹ. Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ mìíràn, ẹ jẹ́ kí a jọ yan àwọn ọ̀dàn tí ẹnikẹ́ni kò ní tú. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi àkóso ilẹ̀ ẹ̀yìn ìgboro sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi wá kan ilẹ̀kùn yín.

Bí a ó ṣe yàn án ló ká wa lára jù. Tí ẹ bá ní ibi tó fẹ̀ jù la ó mú, ẹ lè mú mẹ́ta tó jẹ́ igi òrí, igi igbá, abàfẹ́ àti bẹẹrẹ kan náà ló kún inú wọn, kí ewéko ìpẹ̀ta má sì sí nínú ọ̀kankan. Ibi tó ní ohun tí kò sí níbòmíràn ni kí a kọ́kọ́ mú, ká tó wá èyí tó ní ewéko tí àwọn tí a ti mú kò ní. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ orí àpáta tí omi ń sun lásìkò òjò lè níye lórí ju pápá gbọọrọ lọ. Ọ̀dàn tí a kò tíì kọ ebè sí rí ni kó ṣíwájú: koríko lè padà sórí oko àtijọ́, ṣùgbọ́n àwọn ewéko tó ń fi egbò abẹ́ ilẹ̀ la iná já kì í tètè padà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìgbìnigi sọ ibẹ̀ di oko tíìkì. Àwọn kan rò pé ilẹ̀ tí kò ní igbó, òfìfo ni. Ẹ bi ìyá ọlọ́mọ tó ń wá àgbo jẹ̀díjẹ̀dí bóyá òfìfo ni! Ewéko tó fẹ́ oòrùn kì í pẹ́ kú lábẹ́ òjìji.

Ní ti iná, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni kí a máa sun ún, nígbà tí koríko kò tíì gbẹ tán. Iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pa ọmọ igi.

Àwọn àgbà wa tó mọ ewé yóò bá òṣìṣẹ́ yín rìn. Kí àwọn baálẹ̀ àti Fúlàní darandaran náà wà níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹran àwọn darandaran ti ń jẹko. Níbi tí a bá yàn, ọmọ ẹgbẹ́ wa kankan kò ní wa egbò. Ewé nìkan la ó máa já.

A ń retí ọjọ́ ìpàdé kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé.

Àwa ni tiyín,
Àwọn ẹlẹ́wé-ọmọ àti lẹ́kúlẹ́jà, agbègbè Òmù-Àrán.