Newt ọmọ mi àti ooru Ṣùúrùlérè

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá àwọn tó ń ta ẹja inú gíláàsì l'Ékòó sọ̀rọ̀. Ọmọ mi ra newt méjì lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ ó pè é ní alángbá, ṣùgbọ́n ìbátan ọ̀pọ̀lọ́ ni, awọ ara rẹ̀ ló fi ń mu omi. Ẹni tó tà á kò sọ nǹkan kan fún wa, àfi iye owó.

Lọ́sẹ̀ kejì, nǹkan funfun bí òwú hù sí ọ̀kan lẹ́yìn, bí ara búrẹ́dì tó ti bu. Mo rò pé ó ń bọ́ awọ ni. Wọ́n máa ń bọ́ ọ, wọn a sì jẹ ẹ́, ìyẹn kì í ṣe àìsàn, ṣùgbọ́n àìsàn ni tèyí. Dókítà ẹran tó wá wò ó kàn ti ìka bọ omi ni. Ó ní, "Màmá, omi yín ti gbóná jù." Newt kò fẹ́ omi tó ju nǹkan bí 22°C lọ. Ní Ṣùúrùlérè, lóṣù kẹta, tí iná tún lọ!

Ní báyìí, ike omi dídì ni mo ń fi léfòó sínú gíláàsì wọn. Omi ẹ̀rọ ìjọba tí mo ń bù sí i tààrà tẹ́lẹ̀, kẹ́míkà inú rẹ̀ ń jó wọn lára. Mo ń pọn ọ́n sínú garawa báyìí di ọjọ́ kejì kí kẹ́míkà náà lè kúrò, ìdá kan nínú mẹ́rin omi wọn ni mo sì ń pààrọ̀ lọ́sẹ̀.

Ọ̀kan ti kú. Èkejì wà lábẹ́ òkúta bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ó ń wò mí.

Ìyá Dàpọ̀,
Ṣùúrùlérè, Èkó