Ìtàn Super Eagles ò bẹ̀rẹ̀ ní 1994 o

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá.

Mo ra ìwé ìròyìn yín ní Sátidé tó kọjá lọ́wọ́ ọmọ tó ń ta bébà ní Mọ́kọ́lá, ojú ewé eré ìdárayá ni mo kọ́kọ́ ṣí bí mo ṣe máa ń ṣe, ni mo bá rí àkọlé gàdàgbà pé ẹ fẹ́ sọ ìtàn Super Eagles látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Inú mi dùn, mo wá àga, mo ki awò bojú. Àṣé 1994 ni ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ yín! Ife Áfíríkà ní Tunisia, Ife Àgbáyé ní Amẹ́ríkà, Rashidi Yekini di nẹ́ẹ̀tì mú ó ń sunkún, ó parí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún wa kó tó di 1994, ṣé iwin ni?

Orúkọ Super Eagles yẹn gan-an, kò tíì pé ogójì ọdún. 1988 la bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ, lẹ́yìn tí Cameroon nà wá 1-0 ní fáínà Ife Áfíríkà ní Morocco, tí rẹfirí ní gól tí Henry Nwosu fi orí kàn wọlé kì í ṣe gól (èmi ò tíì dárí ji rẹfirí yẹn o). Green Eagles là ń jẹ́ kó tó dìgbà yẹn, kó sì tó di Green Eagles, nígbà tá ò tíì gba òmìnira, Red Devils ni wọ́n ń pè wá, torí jẹ́sì pupa la máa ń wọ̀. Mo sọ èyí fáwọn ọmọ tó ń bá mi ta páátì ọkọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Ọ̀gá, Manchester United ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá rí i?

Ọdún 1949 ni wọ́n kó ọmọkùnrin méjìdínlógún sínú ọkọ̀ ojú omi láti Èkó lọ sí Ìlú Ọba, púpọ̀ nínú wọn ò wọ bàtà, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń gbá a. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Marine, lẹ́bàá Liverpool, ni wọ́n kọ́kọ́ kò lójú, wọ́n nà wọ́n 5-2. Ẹsẹ̀ lásán o! Wọ́n jìyà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ míì lẹ́yìn ìyẹn, n ò ní purọ́ fún yín, àmọ́ nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé wọ́n yà ní Freetown, wọ́n bá Sierra Leone gbá a lọ́jọ́ 8 oṣù October, wọ́n sì fàgbà hàn wọ́n 2-0. Ìyẹn ni wọ́n kà sí àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa bá orílẹ̀-èdè míì gbá bọ́ọ̀lù. Inú ọkọ̀ yẹn ni Teslim Balógun wà, ọmọ Èkó, Thunder ni wọ́n ń pè é, torí bọ́ọ̀lù tó bá ti ẹsẹ̀ ẹ̀ jáde, ẹ má dúró síwájú ẹ̀. Ó padà lọ sí Ìlú Ọba lọ gbá bọ́ọ̀lù jẹun, ó dé Peterborough, ó dé QPR. 1972 ló kú. Pápá tó dojú kọ National Stadium ní Sùúrùlérè, orúkọ ẹ̀ ló ń jẹ́, àwọn ọmọ ìsìnyí á máa sọ ọ́ lẹ́nu, "ó di Teslim Balogun", wọ́n rò pé orúkọ bọ́sítọ́ọ̀pù ni.

Mi ò ní pẹ́ lórí 1955 tí Ghana lù wá 7-0 ní Accra, Gold Coast ni wọ́n ń jẹ́ nígbà yẹn, àbí 1963 tá a kọ́kọ́ lọ sí Ife Áfíríkà tí Egypt kó mẹ́fà fún wa tí Sudan fi mẹ́rin lé e. Ẹnu ò ṣeé ròyìn 1977, tí Godwin Odiye fi orí kan bọ́ọ̀lù sílé ara wa níwájú gbogbo Èkó, tí Tunisia fi bẹ́ẹ̀ gba ọ̀nà Ife Àgbáyé ní Argentina mọ́ wa lọ́wọ́. Èmi kéré nígbà yẹn, ohun tí mo rántí kò ju pé wọ́n pa rédíò ilé wa, kò sì sẹ́ni tó tàn án títí ilẹ̀ fi mọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni 1980 tẹ́ ẹ fò dá, tí àwa àti Algeria gbá fáínà Ife Áfíríkà ní Èkó. Èmi wà níbẹ̀! Sátidé, ọjọ́ 22 oṣù March, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí. Àbúrò bàbá mi, Bọ̀ọ̀dá Kékeré, fokanáísà ni lójú títì Ojúẹlẹ́gba, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ó gbé kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ ẹ̀ wọlé, ó fà mí lọ́wọ́, ẹsẹ̀ la fi rìn dé sítádíọ̀mù láàárọ̀ kùtù, àwa pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹ̀wà aganyin nínú ọ̀rá. Pópúlà sáìdì la wà. Èrò yẹn kọjá sísọ, kò sáyè láti jókòó, kò sáyè láti họ ara ẹni. Ọkùnrin kan dúró síwájú mi gan-an, ó dé fìlà abetí ajá, etí fìlà yẹn sì tóbi bí ilẹ̀kùn. Mo ṣì ń wá ibi tí mo máa gbà yọjú láàárín etí fìlà méjèèjì, wọn ò tíì gbá a ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ni gbogbo sítádíọ̀mù bá bú gbàù. Ṣẹ́gun Ọdẹgbàmí ti gbá a wọlé! Ẹ̀yìn àwọn èèyàn nìkan ni mo rí.

Bọ̀ọ̀dá Kékeré bá gbé mi sí èjìká. Orí èjìká yẹn ni mo ti rí gól kejì, Ọdẹgbàmí náà ni, ó kù díẹ̀ kí wọ́n lọ háàfù táìmù. Best Ogedegbe ló ń ṣọ́ ilé, Christian Chukwu tó jẹ́ kápítéènì ń darí wọn lẹ́yìn, Félix Owólabí tí wọ́n ń pè ní Owoblow ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé (òun ló gbá gól tá a fi na Morocco ní sẹmi). Ṣùgbọ́n ti Bọ̀ọ̀dá Kékeré, Muda Lawal ni. Ìdí ni pé Muda ti ṣiṣẹ́ mẹ́káníìkì kó tó di pé bọ́ọ̀lù gbé e jáde, lójú bọ̀ọ̀dá mi, gbogbo ẹni tó bá ń fọwọ́ pa ọ́ìlì, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. A wọlé láti háàfù táìmù, kò pẹ́, Muda gbá ẹlẹ́ẹ̀kẹta wọlé. Bọ̀ọ̀dá figbe ta, "Mẹ́káníìkì! Mẹ́káníìkì ti gbá a!", ó ju ọwọ́ méjèèjì sókè, ó gbàgbé pé ọmọ èèyàn wà lórí èjìká òun. Àpá ẹ̀ ṣì wà lórúnkún mi dòní. Algeria 0, Nàìjíríà 3, ìgbà àkọ́kọ́ tí ife yẹn máa jẹ́ tiwa, Ààrẹ Shagari jókòó síbẹ̀ ó ń wò. Ìyẹn lẹ ò rí kọ?

Mi ò bínú sí 1994 o. Ìbàdàn ni mò ń gbé, mo mọ ohun tí Yekini jẹ́ fún wa níbí, gól mẹ́tàdínlógójì ló gbá fún Nàìjíríà, kò tíì sẹ́ni tó gbá tó o bí mo ṣe ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ìlú yìí náà ló kú sí ní 2012, mélòó nínú wa ló jókòó tì í kó tó lọ kó sọ̀rọ̀ sétí wa? Muda Lawal tó gbá Ife Áfíríkà márùn-ún léraléra, 1991 ló ti lọ. Best Ogedegbe, 2009. Keshi àti Amodu, tí àwọn méjèèjì ti jẹ́ kóòṣì Super Eagles, lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ní 2016. Lọ́dún 2025, Chukwu lọ ní April, Peter Rufai tó jẹ́ gólì wa, Dodo Mayana wa, ọmọ ọba Ìdímù, tẹ̀ lé e ní July. Ìgbà tí wọ́n bá kú tán lẹ máa ń gbé fọ́tò wọn jáde, gbogbo yín ni, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀ yín rèé. Owólabí wà láyé. Ọdẹgbàmí wà láyé, ọjọ́ sì ti pẹ́ tó ti ń kọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù sínú bébà òyìnbó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ Yorùbá, ẹ ò lè gbé rẹ́kọ́dà lọ bá a kó fi èdè ìyá ẹ̀ bá wa sọ ọ́? Ẹ má bi í nípa Super Eagles tòní, gbogbo ayé ló ń bi í nìyẹn. Ẹ ní kó sọ ti gól àkọ́kọ́ yẹn, ìṣẹ́jú kejì, bí bọ́ọ̀lù ṣe dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ẹsẹ̀ wo ló fi gbá a, ibo ni gólì Algeria dúró sí. Ẹ sọ fún un pé ọmọ kan wà ní pópúlà sáìdì lọ́jọ́ náà tí fìlà abetí ajá ò jẹ́ kó rí nǹkan kan.

Èmi ni tiyín,
Oníbàárà yín tó ń ta páátì ọkọ̀, Ìbàdàn.