Ẹ má fi pẹpẹ polongo ìbò fún wa mọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an. Tí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé báyìí, olóṣèlú á ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ á gbé màíkì fún un, ìjọ á pàtẹ́wọ́, bẹ́ẹ̀ Òfin Ìdìbò 2022, abala 92, ti sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọdọ̀ fi ilé ìjọsìn ṣe kámpéènì. Mi ò ní kí Kristẹni má ṣe òṣèlú o, ṣebí pásítọ̀ Rìdíìmù ni Ọ̀ṣínbàjò tó fi ṣe igbákejì ààrẹ fún ọdún 8, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni. Èyí tó ń bí mi nínú ni kí wọ́n máa sọ fún ìyá arúgbó pé tí ò bá dìbò fún lágbájá, ó ti ṣẹ Ọlọ́run. Wọ́n sọ ọ́ fún màmá mi, wọn ò sì rí oorun sùn lóru ọjọ́ yẹn. Nínú Bíbélì, nígbà tí Dáfídì ọba gba ìyàwó oníyàwó, Wòlíì Nátánì dúró níwájú ẹ̀, ó bá a wí lójú ara ẹ̀, ó ní "Ìwọ ni ọkùnrin náà." Ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún gómìnà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra jẹnẹrétọ̀ fún ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀?

Èmi òǹkàwé yín, Ìbàdàn.