Ẹ máa kọ iye kámẹ́rà tuntun ní sẹ́fà fún wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ojú ìwé tí ẹ fi sọ̀rọ̀ àwọn kámẹ́rà tuntun, tí ẹ kọ iye wọn ní dọ́là, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á, ti àkọ́kọ́ inú mi dùn, nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kejì ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́, ni mo bá ní kí n kọ ọ́ síwèé kó tó kúrò lórí ẹ̀mí mi. Aránṣọ ni mí níbí ní Kétu, ní Bẹ̀nẹ̀ tí a ti ń ná sẹ́fà. Fọ́tò kì í ṣe iṣẹ́ mi, mi ò fi ń jẹun, mo kàn fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni, gbogbo ọjọ́ tí mi ò bá ránṣọ ló ń bá a lọ.

Apáréyì, ìyẹn kámẹ́rà, tí mò ń lò, Nikon D90 ni. 2008 ló jáde, àlòkù ni mo rà. Nígbà tó jáde ariwo ẹ̀ pọ̀, torí nínú àwọn kámẹ́rà onídígí, irú tó ní dígí nínú tí lẹ́ńsì ẹ̀ ṣeé pààrọ̀, òun ni àkọ́kọ́ tó ń ká fídíò. Mẹ́gápíksẹ̀lì ẹ̀, ìyẹn mílíọ̀nù àmì tíntìntín tó ń para pọ̀ di fọ́tò, ò ju bíi 12 lọ, síbẹ̀ fọ́tò tí mo fi yà wà lára ògiri pálọ̀ àwọn èèyàn ní àdúgbò wa.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ o, mi ò kórìíra nǹkan tuntun. Ẹni tó bá mọ Kétu mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́. UNESCO kéde ẹ̀ ní 2001, wọ́n kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú ní 2008, àmọ́ kí wọ́n tó kọ ọ́ la ti ń jó o. Òru sì ni Ẹ̀fẹ̀, eégún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ń kọrin, ń jáde. Mo lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà, wọ́n gbà fún mi, wọ́n ní kí n má ṣáà tan fláàṣì sí i lójú, ohun tí èmi náà fẹ́ nìyẹn, torí tí fláàṣì bá ti tàn báyìí òru yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn, ọ̀dà ara igi tí Ẹ̀fẹ̀ gbé sórí á kàn funfun gbòò. Mo wá gbé ISO, ohun tí a fi ń jẹ́ kí kámẹ́rà ríran nínú òkùnkùn, lọ sí 3200, mo fara ti ògiri, mo di èémí mú, ìlù ń dún, eruku ń sọ, èèyàn ń tì mí. Nígbà tí mo délé tí mo wò ó lórí kọ̀ǹpútà, ṣe ló dà bíi pé wọ́n bu gàrí dà sójú Ẹ̀fẹ̀. Mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mo yà. Mẹ́rin ló ṣeé wò.

Kámẹ́rà bíi Nikon Zf tó jáde ní 2023, sẹ́ńsọ̀ ẹ̀, ibi tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, fẹ̀ ju tèmi lọ ní ìlọ́po méjì àti díẹ̀, bí ẹni gbé agbada síta lójú òjò tí ẹlòmíì gbé abọ́ ni, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó wà lójú agbo yẹn á tó o lò. Sẹ́ńsọ̀ yẹn náà tún ń gbé ara ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú kámẹ́rà láti fi gba ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Nígbà tí mo kà á, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi, torí mo mọ oore tí ìyẹn máa ṣe fún wa lóru Ẹ̀fẹ̀. Àwọn tó ṣe é ṣiṣẹ́, Ọlọ́run á san wọ́n lẹ́san.

Ohun tó ń dùn mí wá ni bí wọ́n ṣe ń tò tẹ̀ lé ara wọn. Ẹ wo Sony a7, àkọ́kọ́ jáde ní 2013, ìkejì 2014, ìkẹta 2018, ìkẹrin 2021, bí èyí bá ti dé, èyí tí wọ́n ń yìn lánàá a di nǹkan tí wọ́n ń pè ní ti àtijọ́, bẹ́ẹ̀ kò tíì gbàgbé fọ́tò yíyà o. Fujifilm X100VI tó jáde ní oṣù kejì 2024, dọ́là 1,599 ni wọ́n ní kí wọ́n máa tà á nígbà tó jáde yẹn. Mo jókòó mo ṣírò ẹ̀. Ó súnmọ́ mílíọ̀nù kan sẹ́fà nígbà náà, a ò tíì ka owó ọkọ̀ a ò tíì ka duwáànù, owó ibodè. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí ni 52,000 sẹ́fà, ẹni tó ń gba iye yẹn á ṣiṣẹ́ bí ọdún kan àtààbọ̀ láìjẹ láìmu. Ẹ̀yin kọ iye ẹ̀ ní dọ́là, ẹ wá lọ.

Nígbà kan mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Kútọ́nù, bátìrì lásán ni mo fẹ́ rà, ọmọkùnrin tó ń tajà wo ohun tó wà lọ́rùn mi, ó ní màmá, ẹ ṣì ń lo eléyìí? Kò bú mi o, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi, àmọ́ kí n tó dé ẹnu ọ̀nà mo ti fi ọwọ́ bo ibi tí wọ́n kọ D90 sí. Inú mọ́tò ni mo ti ń rò ó títí a fi kọjá Pobè. Kámẹ́rà tó bá mi ya bàbá mi níjọ́ tó jókòó síta gbẹ̀yìn, òun ni mo fi ọwọ́ bò yẹn, torí pé wọ́n ti gbé òmíì jáde.

Ẹ̀rọ tí mo fi ń ránṣọ, ti ìyá mi ni. Mo ti pààrọ̀ bẹ́líìtì ẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ti kán sí i kò níye, kò sí oníbàárà tó bi mí rí pé ọdún wo ni wọ́n ṣe é, ojú rírán ni wọ́n ń wò.

Ọ̀rọ̀ lẹ́ńsì tún wà níbẹ̀. Mo ní lẹ́ńsì Nikon kékeré kan, 50mm f/1.8D, kò ní mọ́tò nínú, inú kámẹ́rà ni mọ́tò tó ń yí i kí àwòrán lè mọ́ wà. Láti 1959 ni Nikon ti ń lo ẹnu kan náà, ibi tí lẹ́ńsì ń wọ̀, ó di 2018 kí wọ́n tó gbé ẹnu tuntun tó ń jẹ́ Z dé. Fífẹ̀ ẹnu náà, mílímítà 55 ni, ti tẹ́lẹ̀ jẹ́ 44, ó sì jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe lẹ́ńsì ráyè ṣe nǹkan tó dáa, mi ò lè bá wọn jà lórí ìyẹn. Irin kan tó ń jẹ́ FTZ ni wọ́n fi ń so lẹ́ńsì àtijọ́ mọ́ ọn, àmọ́ kò sí mọ́tò nínú irin yẹn, ẹni tó bá ní irú tèmi, ọwọ́ ló máa fi yí i kí àwòrán tó mọ́. Ẹ ò kọ ìyẹn. Ẹni tó bá ti lọ ta ewúrẹ́ ẹ̀ ra kámẹ́rà yẹn kó tó mọ̀ ńkọ́?

Ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, ẹ ò jìnnà sí i, Joseph Moïse Agbodjelou tí wọ́n bí ní 1912 tó kú ní 2000 ya fọ́tò àwọn ará ìlú títí, ọmọ ẹ̀ Leonce Raphael Agbodjelou kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀, fọ́tò Egúngún tí ọmọ yìí yà ti dé Lọ́ńdọ̀nù, fíìmù àti ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́. Irú wọn náà, ẹ fi wọ́n sójú ìwé yẹn jàre.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ̀ ò le. Tí kámẹ́rà bá jáde ẹ máa sọ ọ́, ó wù mí kà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ iye ẹ̀ ní sẹ́fà, kí ẹ fi duwáànù sí i, ẹ sọ lẹ́ńsì àtijọ́ tó bá a mu àti èyí tí kò bá a mu, kí ẹ sì sọ ibi tí wọ́n ti lè bá èèyàn nu eruku ọyẹ́ kúrò lára sẹ́ńsọ̀ ní Kútọ́nù tàbí Àjàṣẹ́, torí èmi ti wá a títí.

Tí ẹ bá fẹ́ rí fọ́tò Ẹ̀fẹ̀ mẹ́rin tó yè yẹn, màá fi ránṣẹ́. Mo ti bi àwọn àgbà, wọ́n ní kò burú.

Èmi ni,
Aránṣọ kan láti Kétu