Màámi, kí ni a ó fi ṣe ìrántí Bàbá?

Canterbury, Kent,
Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àdúrà lórí wa. Ṣé ara ń le? Orúnkún tó ń dà yín láàmú ńkọ́, ṣé oògùn tí mo fi rán ìyàwó Bùrọ̀dá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́? Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ kí yín, àwọn ọmọ ń kí ìyá àgbà wọn. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Òtútù ń mú, iṣẹ́ sì pọ̀, ṣùgbọ́n a kò ṣàìsàn.

Bùrọ̀dá pè mí lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ṣàlàyé ohun tí ẹbí ti fẹnu kò sí lórí ìrántí ọdún mẹ́wàá tí Bàbá ti filẹ̀ bora: gbọ̀ngàn ńlá ní Kútọ̀, aṣọ ẹbí, àwọn elérè, kí a sì pa màlúù. Wọ́n ní kí n wo iye tó bá kàn mí. Owó náà wà nílẹ̀, Màámi, n kò ní dá a dúró. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí n kò lè sọ tán lórí fóònù, torí bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ara wa ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń já. Mo bẹ yín, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ka lẹ́tà yìí sókè nígbà tí gbogbo ilé bá péjọ, kí Bùrọ̀dá àti Àǹtí lè gbọ́ ọ pọ̀.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí a fi owó náà ṣí ẹ̀kọ́ àṣálẹ́ Bàbá padà ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó sì jẹ́ pé àwọn ọmọ-ọmọ wọn ni yóò máa kọ́ àwọn èèyàn níbẹ̀.

Ẹ rántí bí ó ṣe máa ń rí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bàbá á ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á jẹ ẹ̀bà wọn wàràwàrà, wọ́n á nu ẹnu, wọ́n á ní, "Ó yá o." Bùrọ̀dá ló ń gbé bẹ́ǹṣì, Àǹtí ń pín ṣọ́ọ̀kì, iṣẹ́ tèmi ni kí n nu pátákó kí n sì tan àtùpà. Kò sẹ́ni tó bi wá bóyá ó rẹ̀ wá. Àwọn tó ń wá kì í ṣe ọmọdé: awakọ̀, alágbàro, àwọn ìyá tó ń ta àdìrẹ ní Ìtọ̀kú, tí aró ti pa ọwọ́ wọn láró dé orí èékánná. Á, Bí, Dí ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ojú bá là díẹ̀, Bàbá á ṣí Bíbélì, wọ́n á sì fi ìka tọ́ka sí ibi tí kálukú yóò ti kà.

Ìyá Ẹlẹ́kọ ni n kò lè gbàgbé láé. Ẹ̀yìn gan-an ni wọ́n máa ń jókòó, nítorí pé ojú ń tì wọ́n. Wọ́n á fi ìka ìfábẹ̀lá sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ètè wọn á máa mì kí ohùn tó jáde, wọ́n á kọ́kọ́ tò ó lẹ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó pa á pọ̀: O, lú, wa. Olúwa. Lọ́jọ́ ìkórè ọdún náà, Bàbá ní kí wọ́n jáde wá síwájú ìjọ. Wọ́n ka Sáàmù kẹtàlélógún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, "Olúwa ni Olùṣọ́-àgùntàn mi, èmi kì yóò ṣe aláìní," láìsí ẹni tó ń sọ ọ́ sí wọn létí. Àwọn èèyàn fẹ́ pàtẹ́wọ́, Bàbá gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni a gbọ́, kí a ṣe Àmín. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ẹlẹ́kọ ra ìwé kékeré kan, tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó sínú rẹ̀, tí wọn kò sì tún bẹ ẹnikẹ́ni láti bá wọn kọ ọ́.

Ẹ̀yin àti Bàbá kò fìgbà kan jókòó tì wá kí ẹ máa wàásù. Àdúrà òwúrọ̀ wà, ìyẹn kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n ibi bẹ́ǹṣì àti pátákó yẹn ni mo ti gba Ọlọ́run gbọ́. Mo rí i pé bàbá mi gbà pé Ọlọ́run fẹ́ràn Ìyá Ẹlẹ́kọ débi pé ó yẹ kí òun tìkára òun lo ìrọ̀lẹ́ òun fún un lẹ́yìn iṣẹ́. Ohun tí mo gbé dé ìlú yìí nìyẹn, òun ló sì mú mi dúró nígbà tí nǹkan le.

Ìlú tí mo wà yìí, Màámi, ibí ni wọ́n ti fi Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà, 1864. Ẹ̀gbẹ́ kàtídírà náà ni mo ń gbà bí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Lọ́jọ́ ìsinmi mi kan, mo wọlé, mo sì jókòó pẹ́. Ọmọ Abẹ́òkúta wo ni kò gbọ́ ìtàn Crowther rí? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó síbẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ ló gbà mí lọ́kàn.

Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn, tòun ti ìyá rẹ̀ Àfàlà, tí wọ́n sì yà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun, wọ́n gbé e lọ sí Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Ibẹ̀ ló ti kàwé, ibẹ̀ ló ti ṣe ìrìbọmi ní 1825, ibẹ̀ ló sì ti fẹ́ Asano, tí òun náà bọ́ lọ́wọ́ ẹrú, tí wọ́n sọ ní Susan. Nígbà tó padà wá sí Abẹ́òkúta ní 1846 láti wàásù, ó rí ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ rò ó wò: ọdún márùndínlọ́gbọ̀n! Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyá náà ń gbọ̀n, kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wojú ara wọn láìlè sọ̀rọ̀. Ní 1848, ìyá náà ṣe ìrìbọmi, ó ń jẹ́ Hannah, ó sì wà lára àwọn àkọ́kọ́ tó ṣe é ní Abẹ́òkúta wa.

Ẹ tún wo àwọn ọmọ. Abigail ọmọ rẹ̀ fẹ́ Thomas Babington Macaulay, ẹni tó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Herbert Macaulay tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, ọmọ wọn ni. Dandeson ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bá a ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní Niger Delta, ó sì di àlùfáà àgbà níbẹ̀. Nígbà tó di 1890, àwọn òyìnbó ọ̀dọ́ tí CMS, ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Gẹ̀ẹ́sì, rán wá gba àṣẹ lọ́wọ́ Bíṣọ́ọ̀bù arúgbó náà, wọ́n sì lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ó kú lọ́jọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891. Bí ó bá jẹ́ pé orí àga bíṣọ́ọ̀bù nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ dúró lé, ọjọ́ tí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìbá ti parí. Àmọ́ Dandeson àti àwọn ìjọ Delta dá dúró, wọ́n ń fi owó ara wọn bọ́ iṣẹ́ náà. Ní 2014, nínú kàtídírà tí mo jókòó sí yẹn, Archbishop Justin Welby ṣe ìsìn ọpẹ́ àti ìrònúpìwàdà lórí ọ̀rọ̀ Crowther, ó sì gbà lójú gbogbo ìjọ pé wọ́n ṣe é ní àìdáa. Inú mi dùn sí i. Síbẹ̀, ó pẹ́ kí ìyẹn tó dé, àwọn ọmọ ti ń bá iṣẹ́ bàbá wọn lọ ṣáájú rẹ̀.

Bíbélì Yorùbá odindi jáde ní 1884. Crowther, Thomas King àti àwọn mìíràn ló forí ṣe fọrùn ṣe lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti ọwọ́ wọn ni Sáàmù yẹn ti dé ọwọ́ Bàbá, tí Bàbá fi lé Ìyá Ẹlẹ́kọ lọ́wọ́. Ta ni àwa ń fi lé lọ́wọ́, Màámi? Àwọn ọmọ Bùrọ̀dá mélòó ló lè ka orí kan nínú Bíbélì Yorùbá láìkọsẹ̀? Àwọn tèmi níbí ńkọ́?

Mi ò sọ ọ́ láti bá ẹnikẹ́ni wí. Ohun tí ojú mi rí ló mú mi sọ ọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń lọ níbí máa ń pín oúnjẹ lọ́jọ́bọ̀ fún àwọn tí ọwọ́ wọn kò tó ẹnu. Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn àlejò bíi tiwa náà wà níbẹ̀. Tólú ọmọ yín máa ń bá mi lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni kó máa to agolo sínú àpò. Mo ṣàkíyèsí pé ó máa ń tú àpò bàbá arúgbó kan palẹ̀ kó tún un dì. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Mummy, ọwọ́ wọn ti ká kò, wọn ò lè lo ohun tí wọ́n fi ń ṣí agolo. Èyí tó ní òrùka lórí ni mo ń wá fún wọn." Màámi, ojú mi kún fún omijé. Ọmọ tí mo ń bá jà kó tó lè kúnlẹ̀ gbàdúrà! Bàbá ni mo rí níwájú mi. Látọjọ́ náà ni Tólú ti ń dárúkọ bàbá arúgbó yẹn nínú àdúrà rẹ̀ lálaalẹ́, láìsí ẹni tó rán an.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí á má ṣe gba olùkọ́ kankan láti ìta. Bí a bá fi owó mi háyà olùkọ́, àwọn èèyàn á kàwé, ó dára, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa á jókòó sílé máa tẹ fóònù. Ìbídùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́ rẹ̀, ní Òṣíẹ̀lẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣíwájú. Kí àwọn àbúrò rẹ̀ gbé bẹ́ǹṣì, kí wọ́n nu pátákó. Owó ọkọ̀ nìkan ni kí ẹ máa fún wọn.

Àwọn tó yẹ kó wá pọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín sọ fún mi nípa ìyá aláta tó ní láti gbé fóònù rẹ̀ kiri ọjà kí wọ́n tó bá a ka aláàtì owó. Irú wọn ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Wọ́n á ka aláàtì, wọ́n á ka oògùn ọmọ wọn, wọ́n á sì ka Sáàmù.

Bàbá Alájì á gbè mí lẹ́yìn, mo mọ̀. Lọ́jọ́ tí Bàbá kú, àwọn ni wọ́n sọ fún wa pé Ànábì ní bí ọmọ Ádámọ̀ bá ti kú, iṣẹ́ rẹ̀ ti dópin àfi nǹkan mẹ́ta: sàdákà tó ń ṣàn lọ, ìmọ̀ tí àwọn èèyàn ń jàǹfààní rẹ̀, àti ọmọ rere tí yóò máa ṣe àdúà fún un. Ẹ wò ó bí ẹ̀kọ́ àṣálẹ́ yẹn ṣe kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀! Ẹ sọ fún wọn pé àwọn ìyá Mùsùlùmí náà ní àyè lórí bẹ́ǹṣì, bí ó ṣe wà láyé Bàbá. Ìwé Á, Bí, Dí kan náà ni gbogbo wọn ó kọ́kọ́ kà.

Bùrọ̀dá lè máa bẹ̀rù ẹnu ayé, pé wọ́n á ní ọmọ tó wà ní ìlú ọba kò ṣe bàbá rẹ̀ lẹ́yẹ. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Kí á ṣe ìsìn ọpẹ́ lọ́jọ́ náà, kí a se ìrẹsì fún ìjọ àti àdúgbò, kí oníkálukú wọ aṣọ tó bá ní. Kí Fíkà sì kéde lórí pẹpẹ pé ẹ̀kọ́ àṣálẹ́ Bàbá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Ẹ̀yẹ wo ló ju ìyẹn lọ fún ọkùnrin tó lo ìrọ̀lẹ́ ayé rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì yẹn?

Bí ẹ bá gbà, ẹ ní kí Bùrọ̀dá bá káfíńtà sọ̀rọ̀ lórí àwọn bẹ́ǹṣì, kí wọ́n sì béèrè iye tí iná sólà kékeré kan ń lọ báyìí, torí mi ò fọkàn tán NEPA. Ìwé Á, Bí, Dí wà nílé ìtàwé, Bíbélì onílẹ́tà gàdàgbà ni kí wọ́n rà fún àwọn àgbà. Owó náà á wọ àkáǹtì Bùrọ̀dá bí ìpàdé ẹbí bá ti parí. Ẹ tún bá mi wo inú àpótí Bàbá, ìwé orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn wà níbẹ̀, ó ní èèpo aláwọ̀ ewé. Ẹ ní kí Ìbídùn ya fọ́tò gbogbo ojú ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo fẹ́ kí Tólú kà á.

Ẹ bá mi kí Àǹtí, ẹ bá mi kí Bàbá Alájì àti gbogbo ilé wọn. Bí Ìyá Ẹlẹ́kọ bá ṣì ń lè rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n á lè ka Sáàmù lọ́jọ́ ìsìn náà.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́