Lẹ́tà sí Gàníyù lórí ọ̀rọ̀ minor

Àjàṣẹ́

Gàníyù ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà nínú òtútù Amẹ́ríkà yẹn? Mo yà lọ́dọ̀ ìyá rẹ ní ọjà Ouando lọ́jọ́ Jímọ̀. Wọ́n ní kí n kí ọ, wọ́n sì ń béèrè bóyá ò ń jẹun dáadáa.

O béèrè minor wo ni kí o mú, ìyẹn ẹ̀kọ́ kékeré kejì tí èèyàn máa ń kọ́ mọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ gangan. Níbí, ohun tí wọ́n bá là sílẹ̀ fún lísáǹsì, oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, fún ọdún mẹ́ta la máa ń tọ̀. Ìwọ láǹfààní láti fi ìṣirò tàbí kọ̀ǹpútà kún físíìsì; má fi ṣeré. Kọ̀ǹpútà ni kí o mú. Àwọn ẹ̀ka ìṣirò bíi calculus, linear algebra àti differential equations, físíìsì fúnra rẹ̀ á mú ọ kọ́ wọn tipátipá. Bó bá ku kọ́ọ̀sì kan tàbí méjì kí minor ìṣirò pé, gbà á, kò burú. Àmọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bí o kò bá dìídì lọ kọ́ ọ, ó lè fò ọ́ dá.

Kí o lè rí ìdí rẹ̀, wo oòrùn àti ayé. Newton yanjú ti ohun méjì tó ń fa ara wọn. A lè fi gègé kọ ìdáhùn rẹ̀ tán. Bí òṣùpá bá wọ̀ ọ́, tó di mẹ́ta, kò sí fọ́múlà ṣókí tó lè gbé e mọ́. Kọ̀ǹpútà ló máa ń ṣírò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, dán an wò lórí kọ̀ǹpútà àbúrò mi. Nígbà tí mo fi eré àtẹ̀yìnwá, ìyẹn bó ṣe ń yára tẹ́lẹ̀, sún òṣùpá síwájú, ṣe ló ń jìnnà sí ayé ní ìyípo kọ̀ọ̀kan. Mo wá tún ìlà méjì tò: kó kọ́kọ́ ṣírò eré tuntun, kó tó fi eré tuntun náà sún òṣùpá. Ó dúró sójú ọ̀nà rẹ̀! Òfin Newton kò yí padà o, bí a ṣe to ìṣirò la yí. Inú mi dùn débi pé mo pe gbogbo ilé wá wò ó.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ ọ́: má jẹ́ kí minor gba àyè láàbù mọ́ ọ lọ́wọ́. Bí olùkọ́ kan bá pè ọ́ sí iṣẹ́ ìwádìí, fi minor sílẹ̀, kí o mú kọ́ọ̀sì programming (kíkọ ètò fún kọ̀ǹpútà) àti numerical methods (ọ̀nà tí a ń gbà ṣírò díẹ̀díẹ̀ bíi ti òṣùpá yẹn) nìkan. Béèrè pẹ̀lú bóyá minor á fi sẹ̀mẹ́sítà kan kún un. Bàbá rẹ ló ń sanwó ilé ìwé yẹn, a sì mọ bí wọ́n ṣe ń rí i.

Mo ṣì ń retí ọjọ́ tí o máa wá kọ́ni ní IMSP, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Dangbo níbí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìṣirò, físíìsì àti kọ̀ǹpútà pa pọ̀. Fi orúkọ àwọn kọ́ọ̀sì náà ránṣẹ́ kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí, ká jọ yẹ̀ wọ́n wò.

Èmi ni,
Ràṣídì